Ìrókò Tí A Fi Omidùn Kùn

Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi Àmúdàtù lẹ́nu, òótọ́ ni. Ìyá mi lẹ́nu, ìyá tó bí ìyá mi náà lẹ́nu, àwa la sì ń ta ògì ní Èbúté Mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to irin réèlùwéè. Ẹni tó bá ń kiri ọjà lẹ́bàá réèlùwéè tí kò lẹ́nu, ta ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ sọ, ilẹ̀kùn ilé akọ̀wé Ọláolú ní Yábà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́.

Mùktárù ọkọ mi, akunlé ni. Kì í ṣe irú akunlé tó kàn ń da ẹfun mọ́ ògiri o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ igi yẹpẹrẹ di igi ńlá. Káfíńtà á fi àfàrá kan ilẹ̀kùn, àfàrá tó funfun bí ẹ̀kọ. Mùktárù á kùn ún, nígbà tó bá fi máa kúrò nídìí rẹ̀, ìrókò lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ó rí iṣan igi, ẹ ó rí ojú ibi tí ẹ̀ka ti yọ, ẹ ó rí ibi tí omi òjò ti rin igi náà nígbà tó wà nínú igbó. Àwọn òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, á kùn wọ́n títí wọ́n á fi dà bí òkúta dídán tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Bàbá Àgùdà kan lÉkòó, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Baràsílì padà wálé, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà.

Omidùn ló mú èmi àti ọkọ mi pàdé. Bàbá Àgùdà yẹn, ọtí bíà tó ti kan ló fi ń po ìyẹ̀fun àwọ̀ tó máa ń fi ya igi. Ó ní bíà ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, òun náà ni í jẹ́ kó lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ladání ni Mùktárù, ní mọ́sáláṣí Mùṣin. Bàbá rẹ̀ ló ń pe ìrun, ṣé òun á wá máa ru ìgò bíà kiri ìgboro? Ó wá ohun mìíràn tó kan bíi bíà títí, kó tó ronú kan omidùn, omi tó máa ń lékè ògì nínú ìkòkò.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta omidùn fún mi."

Mo ní, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá nílé?" Ẹ mọ̀ pé àgbo ni àwọn èèyàn ń fi omidùn rẹ.

Ó ní, "Ilẹ̀kùn ni."

Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní, "Ìwọ gan-an lara rẹ ò yá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta, ó tún dé. Nígbà tó fi máa wá lẹ́ẹ̀kẹfà, mo ti mọ̀ pé omidùn nìkan kọ́ ló ń bá wá, èmi náà sì ti ń yàn án lọ́tọ̀ fún un, ti ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó kan dáadáa tí kò tí ì máa rùn. Ọdún méjìlélógún la ti jọ wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilé tó bá ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń gbé omidùn lọ bá a níbẹ̀, bí mo bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, n kì í tètè lọ. Mo máa ń dúró wò ó.

Ọdún tí wọ́n ń kọ́lé wìtìwìtì sí Yábà ni ibà dá Mùktárù wó. Ó gbádùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bá a gbádùn. Ó ń gbọ̀n. Bó bá mu ife omi, ìdajì á dà sí i láyà. Bó bá wá mú òòyà tó fi ń ya iṣan igi, òòyà kékeré tó fi èèpo igbá gbẹ́ fúnra rẹ̀, iṣan tó máa ń lọ gẹ́rẹ́gẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà ìkamùdù. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ju òòyà náà sábẹ́ ibùsùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Réèlùwéè ti gba gbogbo wọn tán. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ní aṣọ tirẹ̀ ni àwọn ń fẹ́.

Ọkọ mi wá gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kọjú sí ògiri. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tó kírun tán, ibẹ̀ ló ń lọ. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ti yó. Mo bú u, kò dáhùn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ibà ò pa á, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ògiri tó ń wò yẹn máa pa á.

Ibẹ̀ la wà tí Ẹ̀gbọ́n Fàsásì fi dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Fàsásì ni káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn ilé akọ̀wé Ọláolú, ọ̀rẹ́ ọkọ mi sì ni láti kékeré. Sylvester Ọláolú fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, akọ̀wé ní ọ́fíìsì réèlùwéè. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ló wà nílé rẹ̀. Mùktárù ti parí márùn-ún kí ibà tó gbé e dè, ó ku ti yàrá méjì àti ti ẹnu ọ̀nà ńlá.

Fàsásì ò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Mùktárù, akọ̀wé ti fi ìṣílé sí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn òun ò lè jẹ́ oríṣi méjì lójú àlejò. Bí kò bá sí ẹni tó máa parí mẹ́ta tó kù, kí n wá ẹni tó máa fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun gbogbo wọn."

Mo ní, "Gbogbo wọn báwo?"

Ó ní, "Mẹ́jọ, ìyàwó. Àti márùn-ún tó ti ṣe."

Ọkọ mi kàn ń wo ògiri rẹ̀. Ilẹ̀kùn márùn-ún yẹn ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn láyé rẹ̀, ẹnì kan sì fẹ́ da ọ̀dà ewé lé wọn lórí bí ẹni ń kun abà ìkẹ́rùsí! Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Èmi ni màá parí ẹ̀."

Fàsásì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Mùktárù tó yí ojú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Àmúdàtù, jókòó jẹ́ẹ́. Ògì ni ìwọ mọ̀."

Háà! Mo ní, "Ògì tí mo mọ̀ yẹn náà là ń jẹ nínú ilé yìí, òun náà lẹ sì fi ń kun ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wò yín, ẹ rò pé kí ni mo ń wò? Ẹwà yín?"

Ó ní, "Wíwò yàtọ̀ sí ṣíṣe."

Mo ní, "A ó rí i."

Mo wọ abẹ́ ibùsùn, mo fa òòyà rẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, àwọ̀ ẹ̀kọ tí epo díẹ̀ kán sí, mo jẹ́ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì mo po ìyẹ̀fun àwọ̀ mọ́ omidùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ lórí, mo sì fi òòyà fà á. Ó bàjẹ́. Mo fi àkísà tútù nù ún kúrò, mo tún un ṣe. Ó tún bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ojú igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo sì fi àkísà wé àtàǹpàkò bí mo ṣe máa ń rí i tó ń ṣe, mo fi tẹ ojú ẹ̀ka síbẹ̀, ìkan níhìn-ín, ìkan lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo fi ojú ẹ̀ka mẹ́ta kún un.

Mùktárù lọ wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀, mi ò sì gbọ́ ìró omi. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ojú ẹ̀ka méje lórí pákó kan. Ṣé ilẹ̀gbóná ló ṣe igi náà ni?"

Mo fẹ́ fún un lésì, mo wá lọ kà á. Méje ni lóòótọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn, torí láti ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, òun ni àwàdà àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sétí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń fi ayùn la gẹdú. Mo jókòó sórí ìtì igi kan, mo ń wo ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn tó ń fa ayùn bi mí pé kí ni mo ń wá, mo ní ojú ẹ̀ka ni mo ń kà. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Mo rí i pé pákó mìíràn wà tí kò ní ẹyọ kan. Mo rí i pẹ̀lú pé ibi tí ẹ̀ka bá wà, gbogbo iṣan igi ló ń yà fún un, bí èrò ṣe ń yà fún ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Tèmi kò yà fún nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé ni mo dé Yábà pẹ̀lú Fàsásì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún akọ̀wé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa jẹ̀bi. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kì í dé láti ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì tí ì kó wá. Mo kọ́kọ́ lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn márùn-ún tí ọkọ mi ti kùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí wọn rí, mi ò wò wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo ká aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá kìíní gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko. Ìkejì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fàsásì dé, ó fi ọwọ́ pa á, ó wo èmi, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà nínú èèyàn." Orí mi ti wú.

Ọjọ́bọ̀ ló kan ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà. Fàsásì yọ ọ́ kúrò lára férémù, ó fi ti ògiri níta kí oòrùn lè máa pa á. Ẹ wò ó, bí mo bá ní mi ò fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn, mo purọ́. Ojú ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀, níbi tí ojú èèyàn ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, mo sì jẹ́ kí gbogbo iṣan igi yà fún un, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe ṣe tán, ó ku kó gbẹ kí n fi fáníṣì lé e, kí àwọ̀ náà má bàa ṣí kúrò mọ́. Àkókò ìrun ọ̀sán ti tó. Mo fọ ọwọ́, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ṣàlùwàlá, mo kírun. Mo tiẹ̀ pẹ́ lórí ìrun náà, mo ń dúpẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà nídìí ilẹ̀kùn mi.

Wọ́n ń lá a ni o! Wọ́n tò sí i bí ọmọ tó yí àwo ọbẹ̀ ká, ọ̀kan tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé e kí ẹnu rẹ̀ lè tó òkè. Omidùn ni wọ́n gbóòórùn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ewúrẹ́ wo ni kò mọ omi ògì? Mo sọ bàtà lù wọ́n. Mo sọ ìkejì. Mo gbé igi tẹ̀ lé wọn dé ojú títì, mo ń ṣépè fún wọn àti fún ẹni tó ni wọ́n, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ìgbà tí mo padà wò ó, láti àyà mi lọ sísàlẹ̀, kò sí ìrókò mọ́. Àwọ̀ ẹ̀kọ àti epo nìkan ló kù, pẹ̀lú ojú ahọ́n ewúrẹ́.

Fàsásì sáré dé nígbà tó gbọ́ igbe. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo bàtà mi lójú títì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "A ní ìrókò ni, ewúrẹ́ ní ẹ̀kọ ni!" Nígbà tó rí i pé omi ti ń bọ́ lójú mi, ó dákẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ò mọ̀ pé Mùktárù máa ń jókòó tì í ni? Kì í dìde títí á fi fi fáníṣì lé e. Bí èmi bá pè é wá jẹun, kì í wá."

Mi ò mọ̀. Bí mo bá ti sọ omidùn kalẹ̀ tí mo wòran tán, ọjà mi ni mo ń lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi á dé lọ́jọ́ mìíràn lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tutù, á ní ilẹ̀kùn lòun jókòó tì, èmi á sì dáhùn pé ọ̀lẹ ló jókòó tì. Ọdún méjìlélógún ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ojú tì mí níwájú ilẹ̀kùn yẹn ju bí ojú ti tì mí rí lọ.

Ó ku ọ̀la nìkan. Mo lè tún ìsàlẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe so ó mọ́ òkè tí kò fi ní dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀? Mi ò rí Mùktárù kó ṣe irú ẹ̀ rí. Òun nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Mo rìn padà sí Èbúté Mẹ́ta, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà, àwọn tó kí mi rò pé èèyàn wa ló kú.

Ó wà níbi tí mo fi í sí, níwájú ògiri. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi orúkọ ọmọ wa pè é. Mo ní, "Bàbá Sàúdátù, mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Kò wò mí. Ó ní, "Kí lo ṣe?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ lá a."

Ó yíjú. "Ewúrẹ́ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Títí dé ibo?"

Mo fi ọwọ́ kan àyà mi. Mo rí i tí ètè rẹ̀ gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Mùktárù rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Mo fẹ́ bínú, mi ò lè bínú. Ẹ̀rín ọkọ mi tí mi ò ti gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, bí ewúrẹ́ bá lá gbogbo ilẹ̀kùn Yábà kí n tó gbọ́ ọ, kí wọ́n máa lá a lọ.

Nígbà tí mímí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo fi omidùn kùn, nílé bàbá mi ni, ní Mùṣin. Àgbò ọdún iléyá ló lá a tán. Bàbá Àgùdà kò kọ́ mi ní ti ẹran ọ̀sìn rí, torí pé ẹran kì í mu bíà."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Ṣé pẹ̀lú ẹnu tìẹ yìí? Gbogbo Èbúté Mẹ́ta ni ì bá gbọ́." Ó na ọwọ́ òsì sí mi kí n fà á dìde. "Ọ̀la, a ó jọ lọ. Wá fìlà mi fún mi kó tó dìgbà náà. Mi ò mọ ibi tí mo fi í sí."

A dé Yábà ní kùtù hàì ọjọ́ Jímọ̀. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo apá òkè tó ṣẹ́kù. Ó wò ó pẹ́. Mo ń retí kó bi mí léèrè ìgbà tí ilẹ̀gbóná tún dé. Ó wá tọ́ka sí ibi tí iṣan igi ti yà fún ojú ẹ̀ka.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni."

Ó ní, "Rárá o. Èmi ò ṣe é báyìí rí."

Mo sọ fún un pé mo lọ jókòó sétí ọ̀sà. Ó mi orí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì nílẹ̀, ó rì í bọ inú àwọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó débẹ̀. Ó dá a dúró lófuurufú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìgbọràn. Lẹ́yìn náà, ó yí ìdí búrọ́ọ̀ṣì sí mi, ó ní, "Gbà." Mo gbà á.

Ẹnu ló fi ṣe tirẹ̀. Ó ní kí n má so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè lójú ibi kan náà. Kí n fi àkísà tútù nu iṣan kan gùn sókè, kí n nu ìkejì kúrú, kí n jẹ́ kí ìkẹta wà bó ṣe wà, kí ojú ìsopọ̀ wọn máa ga, kó máa rẹlẹ̀, kí ojú èèyàn má bàa rí ibi tó máa dúró sí. Ó ní, "Má tẹ òòyà mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbé ọwọ́ fúyẹ́. Má mí sí i! Bó o bá fẹ́ mí, kọ́kọ́ dúró." Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo ń sọ fún àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́, títí kan ìbáwí ibẹ̀. Inú bí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó wá ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì ní òun ì bá ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo parí, mo fa sẹ́yìn, mo wá ojú ìsopọ̀ náà tì. Èmi tí mo ṣe é! Mo ní kí a máa lọ kírun Jímọ̀, kó gbẹ ká tó dé. Mùktárù wò mí, ó ní ṣé ahọ́n ewúrẹ́ tàná kò tí ì tó mi. Ó wá igi gígùn kan nínú àjákù pákó Fàsásì, ó gbé àpótí kan síwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ó ní kí Fàsásì bá òun tọrọ àforíjì ní mọ́sáláṣí. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá lóòótọ́. Ó pariwo lé wọn, ó sì fi igi na ilẹ̀ pàà, wọ́n sá. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jọ ń jẹ àkàrà, inú oòrùn gbígbóná yẹn náà ni. Mi ò rántí ọjọ́ tí ara tù mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi fáníṣì lé e, Fàsásì sì gbé e padà sára férémù.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé akọ̀wé kún. Ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ láti Iléṣà wá, ìyá àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ọ̀pá rìn. Bí wọ́n ṣe mú un dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó ní, "Sylvester, ìrókò nìyí. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti mọ ìrókò, ẹ̀yìn oko wa ló wà." Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ìyá náà wá fi ìka kan ilẹ̀kùn, kò, kò, kò. Ó gbé etí lé e. Ó tún kàn án. Ó ní, "Họ́wù! Ojú rẹ̀ ni ìrókò, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ìrókò. Ta ló tàn mí jẹ báyìí lọ́jọ́ ogbó mi?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fi ọwọ́ lé ọkọ mi léjìká, ó ní, "Ọ̀gá Mùktárù nìyí, Màmá. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó." Àwọn èèyàn ń kí i, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, torí ó ti fi ti ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ agbádá. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni, ó ti dìde kúrò níwájú ògiri, kí ni mo tún ń wá? Fàsásì wò mí, mo fi ojú sọ fún un pé kó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Mùktárù yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde níṣojú gbogbo wọn, bó ṣe ń gbọ̀n náà, ó fi tọ́ka sí mi láàárín àwọn obìnrin.

Ó ní, "Ìyá, márùn-ún tó wà nínú ilé ni tèmi. Ti yàrá méjì yẹn àti èyí tí ẹ ń kàn yìí, ìyàwó mi ló ṣe wọ́n. Òun ni ọ̀gá. Èmi ni mo ń bá a lé ewúrẹ́."